Gbólóhùn Tí Màmá Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Yọ

Níbi ìsìnkú Màmá, wòlíì ìjọ wọn dìde, ó ní onínú tútù ni Màmá, ó ní kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun bá wọn jà rí. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wòlíì yìí gan-an, fún ọ̀pọ̀ ọdún, Màmá kì í bá a sọ̀rọ̀ kọjá "ẹ káàárọ̀". Lẹ́yìn rẹ̀ làwọn ẹlòmíì tún dìde, oníkálukú ń sọ̀rọ̀ dídùn nípa ẹni tí kò lè dá wọn lóhùn mọ́. Inú ń bí mi níbi tí mo jókòó sí. Ìyá bàbá mi ni Màmá. Ẹnu wọn mú, ọkàn wọn sì le. Ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ wọn obìnrin lọ́dún méjì sẹ́yìn, mi ò tíì lè fi jì wọ́n. Síbẹ̀, mi ò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni láyé tó wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe rí gan-an.

Abọ́ tánganran ni Màmá ń tà ní Ọjà Akẹ̀sán, ní Ọ̀yọ́. Àwo ìjẹun, ife, ìkòkò olómorí, báàfù ńlá tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ. Ọ̀nà jíjìn làwọn abọ́ náà ti ń bọ̀, wọ́n á ti máa gbá ara wọn nínú mọ́tò, díẹ̀ nínú wọn á sì ti bó kó tó dọ́jà. Àwọn obìnrin yòókù á yí ibi tó bó sísàlẹ̀, wọ́n á máa pọ́n oníbàárà lé títí tó fi máa sanwó. Màmá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tó bó ni wọ́n á kọ́kọ́ nàka sí. Wọn ò ní bẹ̀ ọ́, wọn ò sì ní rẹ́rìn-ín sí ọ. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí wọ́n ń lé oníbàárà. Màmá ní, "Tó bá délé kó tó rí i, ibẹ̀ ló ti máa bú mi, mi ò sì ní sí níbẹ̀ láti dá a lóhùn."

Ọmọ méjì ni Màmá bí. Délé, bàbá mi, làkọ́bí, Àǹtí Bọ́lá ló tẹ̀lé e. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọkọ Màmá, ìgbà tó kú ni Màmá padà sílé bàbá wọn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Mọ́tò ló pa bàbá mi lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹbí bàbá mi sin ín sínú agbo ilé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí èmi àti ìyá mi ń gbé. Màmá ò débẹ̀. Èèwọ̀ ni lọ́dọ̀ wa kí òbí fojú kan òkú ọmọ, kò sì gbọdọ̀ dé ìdí sàréè rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń sin ín, àwọn ìyá àgbà àdúgbò di apá Màmá mú nínú yàrá ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n tilẹ̀kùn, wọ́n ní, "Ẹ má sunkún mọ́. Ẹ dúpẹ́ pé ó ku ọ̀kan." Ojú Àǹtí Bọ́lá, ọ̀kan tó kù náà, ni wọ́n ti sọ ọ́.

Kò pẹ́ tí gbogbo ọjà fi yí orúkọ Màmá padà. Ìyá Délé ni wọ́n ń pè wọ́n tẹ́lẹ̀, ó wá di Ìyá Bọ́lá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: bí àkọ́bí ẹni bá kú, wọ́n á fi orúkọ èyí tó wà láàyè pe ẹni náà, kí wọ́n má baà máa tún ọgbẹ́ dá. Àánú ló fà á, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Màmá ò dáhùn. Obìnrin tó ń ta okùn ní òdìkejì wọn á pè títí, "Ìyá Bọ́lá, Ìyá Bọ́lá o," Màmá á kàn máa nu abọ́ lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Àǹtí Bọ́lá gbé oúnjẹ wá fún wọn lọ́jà, obìnrin yẹn tún pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Màmá gbé abọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá Délé ni mí. Àbí ẹ rò pé mi ò bí i ni?" Àǹtí Bọ́lá gbé oúnjẹ náà sórí àpótí, wọ́n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Kí n sọ ti Àǹtí Bọ́lá níhìn-ín, torí pé kò sẹ́ni tó sọ ọ́ níbi ìsìnkú. Tíṣà ni wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ọ̀yọ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yà sọ́dọ̀ Màmá. Àwọn ló ń fọ aṣọ wọn, àwọn ló ń gbé wọn lọ sọ́sípítù, àwọn ló ń bá wọn wá kẹrosíìnì nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní sáàpù dé tí kẹrosíìnì dàwátì. Mi ò gbọ́ kí Màmá dúpẹ́ rí. Wọ́n á ní, "Gbé e síbẹ̀."

Ti wòlíì yẹn ńkọ́? Ìjọ Àládùúrà ni Màmá ń lọ, wọn kì í sì í pa ìsìn jẹ. Lẹ́yìn ikú bàbá mi, wòlíì dìde láàárín ìsìn, ó ní òun ríran, òun rí Délé nínú sùtánà funfun, ó ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìjọ ké halelúyà. Màmá nawọ́ sókè láti ẹ̀yìn, wọ́n ní àwọn fẹ́ béèrè nǹkan kan: ṣé Délé béèrè àwọn? Wòlíì ní kò sọ̀rọ̀ rárá, ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Màmá ní, "A jẹ́ pé ẹlòmíì lẹ rí. Délé ò ní rí ará ilé kó má béèrè mi." Wọ́n jókòó. Wọ́n ṣì ń lọ sí ìjọ náà títí wọ́n fi kú, ṣùgbọ́n àárín àwọn àti wòlíì bàjẹ́ láti ọjọ́ yẹn.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn ni Bọ̀dá Dípọ̀ gbé ọ̀rọ̀ eré kan dé ilé Màmá. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni, ó ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, eré orí ìtàgé sì ti gbà á lọ́kàn pátápátá. Eré Amẹ́ríkà kan tó ti pẹ́, tí àwọn tó lọ sí yunifásítì máa ń kà, ló fi Yorùbá tún kọ. Ìdílé àgbẹ̀ kan ni, nílùú tí òjò ti kọ̀ tí kò rọ̀. Bàbá kì í bá ìyá sọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin wọn ti lọ síbi tí wọ́n ti ń wa kùsà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ eré, ìyá ń tún ilé ṣe, ó ń to abọ́ sórí tábìlì de ọmọ tó ń bọ̀. Inú pósí ni wọ́n gbé ọmọ náà wá. Ìyá á ṣí aṣọ tí wọ́n fi bò ó, á wò ó, á wá kọjú sí àwọn aládùúgbò, á sọ pé, "Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ti kú." Ibẹ̀ ni eré parí sí.

Bọ̀dá Dípọ̀ ní eré tí wọ́n ti ń pariwo, tí wọ́n ń yí gbiri nílẹ̀, ti sú òun. Ó ní àwọn òyìnbó pàápàá ti fi ẹkún ba eré yìí jẹ́. Inú pálọ̀ ló fẹ́ ṣe é, kí àwọn òǹwòran jókòó súnmọ́ eléré débi pé wọ́n á gbọ́ bó ṣe ń mí. Kò sí orin, kò sí ìlù, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ sunkún. Ó bẹ Màmá pé kí wọ́n yá òun ní pálọ̀ wọn torí pé ó fẹ̀, ó sì ní ilẹ̀kùn tó lọ sẹ́yìnkùlé, níbi tí wọ́n á ti gbé òkú wọlé. Màmá gbà. Ó yà mí lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n Bọ̀dá Dípọ̀ kò rí obìnrin tó máa sọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Gbogbo àwọn tó bẹ̀ lọ́mọ nílé. Obìnrin aránṣọ kan ṣe eré náà dáadáa dé ìparí, ó wá ní, "Ọmọ òyìnbó yìí ti kú." Bọ̀dá Dípọ̀ ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tíṣà kan tó jẹ́ Kátólíìkì gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tó débẹ̀ ó ní ọmọ ọ̀tá òun ti kú, ni gbogbo pálọ̀ bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹlòmíì ní òun á kàn dúró, kí aládùúgbò bá òun sọ ọ́. Bọ̀dá Dípọ̀ ṣàlàyé títí, eré ni, kì í ṣe òótọ́. Aránṣọ yẹn dá a lóhùn pé, "Àwa mọ̀ pé eré ni. Ta ló máa lọ sọ fún ikú?"

Màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n ń nu abọ́ tí wọ́n máa kó lọ sọ́jà. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Dípọ̀, kọ́ mi. Èmi á sọ ọ́."

Wọn ò mọ̀wé, bí Dípọ̀ ṣe ń kà á ni wọ́n ń gbà á sórí. Mo wà ní Ọ̀yọ́ ní gbogbo ìgbà náà torí pé a wà ní họlidé. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa dúró tàbí bí wọ́n ṣe máa rìn. Wọ́n kàn ń to abọ́ bí wọ́n ṣe ń tò ó lọ́jà. Dẹ́rẹ́bà kan ló ń ṣe bàbá, ó sì fẹ́ràn kó máa jágbe mọ́ ìyàwó nínú eré. Màmá dá eré dúró lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kó gbọ́, àwọn náà ti gbé nílé ọkọ kí àwọn tó padà sí Ọ̀yọ́. "Ọkùnrin tí kì í bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ kì í pariwo." Dẹ́rẹ́bà náà rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, eré wá bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ́rù bani.

Àǹtí Bọ́lá bá wọn lẹ́nu rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú oúnjẹ lọ́wọ́, wọ́n sì gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu ìyá wọn. Wọ́n dúró kí eré parí. Lẹ́yìn náà wọ́n kúnlẹ̀ síwájú Màmá, níṣojú gbogbo wa, wọ́n bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi eré yìí sílẹ̀. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà ń bà wọ́n, ẹni tó bá rí ojú wọn á mọ̀. Bọ̀dá Dípọ̀ náà rí i. Ó ní ó dáa, kí Màmá yọ "kan ṣoṣo" kúrò, kí wọ́n ní "ọmọ mi ọkùnrin ti kú," ìyẹn tó, kò ní ba eré jẹ́. Àǹtí Bọ́lá ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn fara mọ́ ọn. Kò tilẹ̀ sí irọ́ níbẹ̀. Gbogbo wa wá yíjú sí Màmá.

"Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni màá ṣe sọ ọ́."

Àǹtí Bọ́lá ní, "Màmá, àwa méjì lẹ bí."

"Mo mọ iye tí mo bí."

Mo ti gbọ́ tí Màmá bú èèyàn. Mo ti rí i tí wọ́n lé oníbàárà, tí wọ́n já wòlíì kulẹ̀ láàárín ìjọ. Kò sí èyí tó dùn mí tó ìdáhùn yẹn. Àǹtí Bọ́lá dìde nílẹ̀, wọ́n gbọn eruku orúnkún wọn nù, wọ́n sì lọ bu oúnjẹ Màmá sí abọ́ kí wọ́n tó lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ṣe eré náà. Bẹ́ńṣì kún pálọ̀, àwọn tí kò ráyè jókòó dúró sójú fèrèsé. Àwọn èèyàn ò tíì rí irú eré bẹ́ẹ̀ rí, eré tí eléré ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ kọjá. Nígbà tí dẹ́rẹ́bà wọlé gẹ́gẹ́ bíi bàbá, àwọn àgbà kí i káàbọ̀. Nígbà tí Màmá ń to abọ́, ẹnì kan kí wọn kú iṣẹ́. Bọ̀dá Dípọ̀ ń jẹ èékánná lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò sí káfíńtà tó gbà láti yá a ní pósí, bẹ́ńṣì gígùn ni wọ́n fi aṣọ funfun bò, tí wọ́n sì to ìrọ̀rí sábẹ́ aṣọ náà.

Bí wọ́n ṣe gbé e gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wọlé báyìí, ìyá àgbà méjì dìde láàárín òǹwòran. Wọ́n lọ bá Màmá, ọ̀kan di apá ọ̀tún mú, èkejì di tòsì mú, wọ́n ń fà wọ́n lọ sí yàrá, wọ́n ń sọ pé ìyá ò gbọdọ̀ rí i. Wọn ò ṣe é láti ba eré jẹ́. Ohun tí wọ́n mọ̀ pé ó yẹ ní ṣíṣe ni wọ́n ń ṣe. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn tó ti Màmá mọ́lé lọ́jọ́ tí wọ́n ń sin bàbá mi. Màmá ò bá wọn fa ara. Wọ́n wo ojú ọ̀kan, wọ́n wo ojú èkejì. Ohun tí wọ́n sọ ò sí nínú eré Bọ̀dá Dípọ̀.

"Ẹ fi mí sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí."

Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Màmá lọ síbi bẹ́ńṣì, wọ́n ṣí aṣọ, wọ́n wo ìrọ̀rí yẹn pẹ́, wọ́n dá aṣọ padà. Wọ́n yíjú sí wa, wọ́n sì sọ gbólóhùn náà. Ojú wọn gbẹ. Ẹnu kan náà ni gbogbo pálọ̀ fi ké pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ariwo yẹn sì bo ohùn wọn mọ́lẹ̀. Màmá dúró kí ariwo lọ sílẹ̀. Wọ́n tún un sọ, ketekete, láìkánjú.

Àǹtí Bọ́lá wà nítòsí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n fi ìborùn bo orí, wọ́n jáde. Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́. Àwọn èèyàn kí Màmá bí wọ́n ṣe ń kí ọlọ́fọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó tó di pé wọ́n lọ sílé. Màmá ń dá oníkálukú lóhùn. Ó tó ọdún mélòó kan tí wọ́n ti ń retí irú ìkíni yẹn, òun ni wọ́n sì gbà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo rí i pé ara tù wọ́n. Mo tún rí ẹ̀yìn Àǹtí Bọ́lá bí wọ́n ṣe ń rìn lọ nínú oòrùn, mi ò sì mọ̀ bóyá kí n yọ̀ tàbí kí n bínú.

Bọ̀dá Dípọ̀ gbé eré náà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn ìyẹn, sínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Màmá ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí bàbá mi pé kí wọ́n wá wò ó, àmọ́ wọn ò wá. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló kún ibẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ. Nígbà tó parí, Màmá bi mí pé báwo ni sàréè Délé ṣe rí, èmi tí mo ń rí i lójoojúmọ́. Mo ní sìmẹ́ńtì ni, ẹfun tí wọ́n fi kùn ún ti ń ṣí, ewúrẹ́ sì máa ń sùn sórí rẹ̀ lọ́sàn-án. Mo rò pé wọ́n á bínú. Wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kò dá wà."

Láti ìgbà náà ni Àǹtí Bọ́lá kò ti bá Màmá sọ̀rọ̀ tó dọ́kàn. Wọn ò pa oúnjẹ jẹ lọ́jọ́ kan, wọn ò jẹ́ kí aṣọ Màmá dọ̀tí. Wọ́n á kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n á gbé abọ́ sílẹ̀, wọ́n á ní ó dàárọ̀. Kò sí nǹkan kan tó ṣe Àǹtí Bọ́lá o. Ikú tí wọ́n bẹ̀rù yẹn ò wá. Síbẹ̀ wọn ò gbàgbé, torí mo wá rí i pé ikú kọ́ ló dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ fún mi nígbà kan pé àwọn lè gbà kí Màmá fẹ́ràn Délé ju àwọn lọ. Ohun tí àwọn ò lè gbà ni kí Màmá dúró láàárín ìlú, kí wọ́n sọ pé wọn ò bí àwọn.

Nígbà tí àìsàn gbé Màmá dè, ilé Àǹtí Bọ́lá ni wọ́n gbé wọn lọ. Họlidé ni mo tún wá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó kù díẹ̀ kí wọ́n kú, èmi nìkan ló wà lọ́dọ̀ wọn, inú sì ń bí mi torí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí bí Àǹtí Bọ́lá ṣe wẹ̀ wọ́n, tí wọ́n yí wọn padà, tí wọ́n fi ìpara pa wọ́n, láìsí ọ̀rọ̀ kankan láàárín àwọn méjèèjì. Mo bi Màmá léèrè gbangba pé kí ló dé tí wọn ò yọ "kan ṣoṣo" yẹn kúrò nínú eré. Wọ́n ní:

"Délé ti kú, mo lè sọ ọ́ bó ṣe wù mí. Tó bá ṣe Bọ́lá ni, ẹnu mi ò ní lè là. Mi ò lè to orúkọ rẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, eré ni o, òótọ́ ni o. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ọmọ kan ṣoṣo, kí n lè yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀ pátápátá."

Mo sáré lọ sí kíṣìnnì. Ata ni Àǹtí Bọ́lá ń lọ̀. Mo sọ fún wọn bí Màmá ṣe sọ ọ́, mi ò fi kún un, mi ò yọ kúrò. Wọn ò fọwọ́. Wọ́n wọ yàrá, ọwọ́ wọn pupa fún ata, wọ́n dúró ti ibùsùn. Wọ́n ní, "Màmá, ọmọ Délé sọ pé ẹ ní ẹ ò lè sọ ọ́ tó bá jẹ́ èmi ni mo kú. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Màmá wo Àǹtí Bọ́lá. Mi ò rí i kí wọ́n wo ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n la ẹnu. Láti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n máa ní láti gbà kí ikú àti Bọ́lá wà nínú gbólóhùn kan náà, lójú Bọ́lá fúnra rẹ̀. Mo rí i bí wọ́n ṣe débi ọ̀rọ̀ náà tí wọ́n padà lẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n ní, "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

Àǹtí Bọ́lá mi orí, bí ẹni tí wọ́n sọ ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ fún. Wọ́n padà sídìí ọlọ. Màmá kọjú sí ògiri, lọ́jọ́ kejì wọ́n kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, tí àwọn èèyàn ti tú ká, mo tún gbìyànjú. Mo búra fún Àǹtí Bọ́lá pé Màmá sọ ọ́, pé etí mi ló gbọ́ ọ. Wọ́n ń ká aṣọ ìyá wọn sínú àpótí. Wọn ò bínú sí mi, wọ́n tiẹ̀ fọwọ́ kan mi léjìká.

Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé o fẹ́ tù mí nínú ni. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ Màmá. Màmá kì í parọ́."

Mo bá wọn ká aṣọ tó kù.